Ohun tí mítà mọ̀ nípa iná iléru

Orúkọ Òṣogbo fúnra rẹ̀ kò ṣẹ̀yìn ìkòkò. Ìtàn tí tọmọdé-tàgbà ìlú mọ̀ ni pé igi tí wọ́n gé ló wó sódò, tó fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun, tí ohùn fi jáde láti inú omi pé àwọn oṣó igbó ti fọ́ ìkòkò aró òun tán. Ìkòkò tí igi fọ́, ojú rí ohun tó fọ́ ọ. Èyí tó sán sínú iléru ló ṣòro: ìgbà tí iná bá kú tí wọ́n ṣí i ni wọ́n tó rí i, ta ni yóò sì mọ wákàtí tó sán?

Ojú ni àwọn ìyá amọ̀kòkò fi ń wọn iná, ojú yẹn kì í sì í ṣe ojú lásán. Àmọ́ oòrùn ọ̀sán máa ń tan ojú jẹ: iná tó pọ́n yòò lálẹ́ a dà bíi pé kò tíì ràn bó bá dọ̀sán. Fún iléru oníbíríkì tó ń lo gáàsì tàbí iná mànàmáná, mítà tí àwọn réwáyà ń lò tó, bó bá ti ní thermocouple lẹ́nu.

Wáyà méjì ni thermocouple. Irin wọn kò jọra, wọ́n sì jó wọn pọ̀ ní orí kan. Ní ti oríṣi K, tó wọ́pọ̀ jù, níkẹ́lì àti krómíọ́mù ni ọ̀kan, níkẹ́lì tí wọ́n fi alumíníọ́mù díẹ̀ lú ni èkejì. Bí orí náà bá wà nínú iná tí ìdí méjèèjì wà níta, iná mànàmáná díẹ̀ yóò yọ láàárín ìdí méjèèjì. Thomas Seebeck ló kíyè sí i ní 1821, nígbà tí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì yí nítòsí irin méjì tó gbóná lápá kan. Òun tiẹ̀ rò pé òòfà ni.

Iná ọ̀hún kò tó nǹkan. Ní 900°C, bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan fi nǹkan bí ìlọ́po 40 jù ú lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yí mítà sí 200m, ìyẹn 200 mílífóòtì (mílífóòtì kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún fóòtì), lápá fóòtì DC, iná bíi ti bátìrì. Bí àmì ìyọkúrò bá hàn, kí wọ́n pààrọ̀ ẹnu wáyà. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀: nínú wáyà ti Amẹ́ríkà, pupa ni òdì, ìyẹn ẹnu tó ní àmì ìyọkúrò, kò rí bíi ti bátìrì mọ́tò. Òòfà kékeré ló ń sọ òótọ́, torí wáyà òdì ló máa ń lẹ̀ mọ́ ọn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé. Mítà kò mọ bí iná ṣe gbóná tó. Ohun tó mọ̀ ni bí orí wáyà ṣe gbóná ju ìdí rẹ̀ lọ. Àtẹ tí wọ́n fi ń yí mílífóòtì sí dígírì sì gbà pé inú omi yìnyín, ní 0°C, ni ìdí náà wà. Ta ló rí yìnyín nínú ṣọ́ọ̀bù amọ̀kòkò l'Óṣogbo? Ká ní mítà ka mílífóòtì 36.1, tí ẹ̀rọ tí a fi ń wo ooru, tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sì ka 30°C. Nínú àtẹ, 30°C jẹ́ mílífóòtì 1.2. Ẹ rò ó mọ́ 36.1, ó di 37.3, ìyẹn 900°C. Ẹni tó gbójú fo 1.2 yẹn yóò rò pé 870 ni òun wà, yóò sì tún koná mọ́ ọn. Mítà tó ní ojú ìwọ̀n ooru tirẹ̀ máa ń ṣe ìṣirò yìí fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n wáyà tín-ín-rín tó bá a wá nínú páálí kò lè wọ iléru. Ohun tí wọ́n fi bò ó yóò jóná.

Wáyà iná ilé tí wọ́n bá fi fa thermocouple gùn náà ní wàhálà tirẹ̀. Ibi tí kọ́pà ti bẹ̀rẹ̀ ni ìdí wà, kì í ṣe ibi tí mítà wà. Bí oríkèé yẹn bá fara ti ògiri iléru tó ti gbóná dé 50°C, 2.0 ló yẹ kí wọ́n rò mọ́ ọn.

573°C ni nọ́ńbà tó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ jù, torí níbẹ̀ ni kúọ́tísì, ìyẹn òkúta bíi yanrìn tó wà nínú amọ̀, ti máa ń wú lójijì, tó sì tún ń sún kì nígbà tí iléru bá ń tutù. Ẹni tó bá sáré kọjá níbẹ̀, lálọ tàbí lábọ̀, ló ń bá ìkòkò tó sán.

Nínú iléru oníná mànàmáná, kí wọ́n pa iná kí wọ́n tó ki thermocouple bọ̀ ọ́, kó má sì kan wáyà tó ń pọ́n nínú ògiri. Kí orí rẹ̀ wà láàárín àwọn ìkòkò gan-an, torí ibi tó bá dúró sí nìkan ló ń kà: pẹpẹ òkè lè ti jinná nígbà tí ti ìsàlẹ̀ ṣì ń lọ́ra.