Owó Ẹyọ Lára Ohun Ọ̀ṣọ́: Owó Ni, Kì Í Ṣe Oògùn

Bí ọ̀pọ̀ nínú wa bá rí owó ẹyọ lára aṣọ tàbí lọ́rùn ẹnìkan, oògùn tàbí ìmùlẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn. Òótọ́ ni pé wọ́n ń fi í dá ẹẹ́rìndínlógún, ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún ṣe, ó sì wà lójúbọ òrìṣà. Ṣùgbọ́n owó tí àwọn baba wa fi ń ná ọjà ni, inú ọjà náà sì ni iyì tó ní lára ohun ọ̀ṣọ́ ti bá a wá.

Etíkun wa kọ́ ni wọ́n ti ṣà á. Láti erékùṣù Maldives nínú Òkun Íńdíà ni ọkọ̀ òkun ti ń kó o wá. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, irú èyí tó tóbi jù ú lọ ń ti Zanzibar dé. Wọ́n á dá ẹ̀yìn rẹ̀ lu, wọ́n á sín in, ogójì lórí okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan. Ọ̀kẹ́ yìí náà ló wà nínú "ọ̀kẹ́ àìmọye" tí a ṣì ń pè lónìí. Nítorí náà, ẹni tó rán owó ẹyọ mọ́ ẹ̀wù ère ìbejì, owó tí ì bá fi ra iṣu àti epo ló rán mọ́ ọn.

Ibi tí èyí ti hàn jù lọ ni ilé orí, àpótí aláwọ tí wọ́n ń fi owó ẹyọ bò, tí wọ́n sì ń gbé ìbọrí, ìyẹn àmì orí tí ẹni tó ni ín ń bọ, tí a fi owó ẹyọ 41 ṣe, pamọ́ sínú rẹ̀. Bí agbára ẹni bá ṣe mọ ni ilé orí rẹ̀ ń tóbi mọ. Ti ẹlòmíràn ń gba ẹgbàá mẹ́fà, ìyẹn 12,000, oníṣẹ́ awọ tó ṣe é á sì tún gba iye kan náà lówó iṣẹ́, tí àpapọ̀ rẹ̀ fi di ẹgbàá méjìlá. Tálákà kò lè dá a láṣà.

Nígbà tí owó fàdákà àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọjà, owó ẹyọ kúrò lọ́wọ́ àwọn alájàpá, ojúbọ ló sì kù tí a ti sábà ń rí i. Ni àwọn tí a bí lẹ́yìn náà bá rò pé ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń dùn mí gan-an bí mo bá gbọ́ pé wọ́n dáná sun ẹ̀wù ìbejì ìyá àgbà kan nítorí owó ẹyọ ara rẹ̀. Àwọn tó ṣe ilé orí gan-an kò gbàgbé ohun tó jẹ́: bí ẹni tó ni ín bá kú, wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á sì ná owó ẹyọ náà.