Ọ̀dà àfomiyọ́, kì í ṣe “àwọ̀ omi”

Ẹ jẹ́ ká fi “àwọ̀ omi” sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ watercolour, ìyẹn ọ̀dà ìyàwòrán tí wọ́n ń fi omi yọ́ kí wọ́n tó fi kun bébà. Inú mi kì í dùn tí mo bá rí i nínú àlàyé tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń fi ìwé ìyàwòrán najú lójoojúmọ́. Àwọ̀ tí omi ní là ń pè ní àwọ̀ omi: ti òkun, ti odò, ti àgbàrá. Àwọn kan sá fún un, wọ́n ní “ọ̀dà olómi”. Ìyẹn náà ò yanjú ẹ̀. Ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ògiri lómi nínú, akírílíìkì, ọ̀dà ìyàwòrán mìíràn tí omi kì í yọ́ mọ́ tó bá ti gbẹ, náà sì ń gba omi. Ní ti “wọtakọ́lọ̀”, kò ṣini lọ́nà, àmọ́ kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò di búrọ́ọ̀ṣì mú rí.

Ọ̀dà àfomiyọ́ ni mo ń pè é, n kò sì ní yẹsẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú àwọ̀ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù arábíìkì, ìyẹn oje igi akéṣíà, pò ni. Oje yẹn ló ń mú un lẹ̀ mọ́ bébà, bó sì ti wù kó gbẹ tó, omi á tún yọ́ ọ. Amọ̀ tí oòrùn gbẹ ni: ta omi sí i, á tún rọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Akírílíìkì ni ìkòkò tí iná ti jó. Rẹ ẹ́ sómi di ọ̀la, ìkòkò ni yóò ṣì máa jẹ́. Ẹnìkan ta kò mí pé gúáàṣì, ọ̀dà ìyàwòrán tó jọ ọ́ àmọ́ tó ki jù ú lọ, náà ń yọ́. Ó ń yọ́ lóòótọ́, ìdílé kan náà ni wọ́n, kò sí ìjà níbẹ̀.

Orúkọ tí kò tọ́ ń náni lówó. Mo ti rí ẹni tó kó ọ̀dà rẹ̀ dà nù torí pé ó ti gbẹ nínú páálí! Bẹ́ẹ̀, gbígbẹ ni William Reeves tó ń ṣe ọ̀dà ṣe é ní London kó lè ṣeé kó kiri, Society of Arts, ẹgbẹ́ kan tó ń fún àwọn tó bá hùmọ̀ nǹkan lẹ́bùn, sì fún òun àti arákùnrin rẹ̀ lẹ́bùn lórí rẹ̀ lọ́dún 1781. Ohun tó jẹ́ kí ìnajú yìí rọrùn nìyẹn: o ṣí páálí, o kán omi sí i, o kun ewé kan tàbí ife kan, o pa á dé, o bá tìrẹ lọ. Kí bébà náà ṣáà nípọn, ó kéré tán 300 gíráàmù ní mítà kan níbùú lóròó, kó má bàa ká kò.

Ìsinmi tó wà níbẹ̀, inú yíyọ́ náà ló ti ń wá. Tó o bá kun ìpele kejì kí àkọ́kọ́ tó gbẹ, wọ́n á yọ́ mọ́ra, àwọ̀ á sì dọ̀tí. Nítorí náà wàá gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, wàá máa wo bí dídán omi ṣe ń kúrò lójú bébà díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ tó ti ń kánjú láti àárọ̀ á rọlẹ̀. Bí ìlà kan bá sì wọ́, fi búrọ́ọ̀ṣì tútù ra á, fi tíṣù tẹ̀ ẹ́, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ á ká kúrò. Àwọ̀ díẹ̀ bíi búlúù phthalo ló ń fi àbàwọ́n sílẹ̀. Ẹ dán irú ẹ̀ wò pẹ̀lú akírílíìkì tó ti gbẹ: bébà ló máa kọ́kọ́ ya.