Ìpolówó Ọjà Tàbí Owó Oṣooṣù: Ta Ló Ń Gbọ́ Bùkátà Ojú Òpó Ìbánidọ́rẹ̀ẹ́?

Owó òṣìṣẹ́, owó iná àti owó àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tó ń tọ́jú fọ́tò àti fídíò wa kì í ṣe kékeré, ọ̀nà méjì pàtàkì sì ni àwọn tó ni ojú òpó ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ ń gbà rí i. Èkíní ni ìpolówó ọjà, tí oníṣòwò ń sanwó fún kí ọjà rẹ̀ lè dé ojú wa. Èkejì ni owó oṣooṣù, tí ẹni tó ń lo ojú òpó náà ń san láti àpò ara rẹ̀. Ẹni tó bá ń sanwó ni ilé-iṣẹ́ máa ń ṣe ìfẹ́ inú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ wọn wà.

Ẹ jẹ́ ká wo ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Ó gbé fọ́tò àdìrẹ ẹlẹ́kọ sórí Facebook, ó ya náírà 3,000 sọ́tọ̀ fún ìpolówó, ó sì ní àwọn obìnrin ọmọ ọdún 25 sí 45 tí wọ́n ń gbé Èkó àti Ìbàdàn ni kí wọ́n fi hàn. Nígbàkígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá ṣí fóònù, ká tó ṣẹ́jú pẹ́, ẹ̀rọ ti ṣe gbàǹjo: ó ṣírò iye tí oníṣòwò kọ̀ọ̀kan fẹ́ san, bó ti ṣeé ṣe tó kí obìnrin yẹn dá ìpolówó náà lóhùn, àti bí ìpolówó náà fúnra rẹ̀ ti dára tó. Nítorí náà owó nìkan kọ́ ló ń borí, ìyá aláàdìrẹ sì lè gba ipò mọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá lọ́wọ́. Àǹfààní gidi nìyẹn, mi ò sì fara mọ́ àwọn tó ń bú ìpolówó bí ẹni pé kò ṣe ẹnikẹ́ni lóore.

Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ tó lè ṣe ìṣirò yẹn, ó ní láti máa ṣọ́ ohun tí a wò, ibi tí a wà, àti bí a ti pẹ́ tó lórí fídíò kan. Bí a bá sì ṣe ń pẹ́ sí i ni ìpolówó tí wọ́n lè tà ń pọ̀ sí i, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tó ń múnú bí ni fi ń tètè dé ojú wa. Lọ́dún 2023, nǹkan bíi bílíọ̀nù 135 dọ́là ló wọlé fún Meta, ilé-iṣẹ́ tó ni Facebook, ìpolówó ló sì mú bílíọ̀nù 132 wá nínú rẹ̀.

Kí òǹkàwé máa sanwó kò ṣàjèjì ní Abẹ́òkúta, nítorí owó ẹyọ ni wọ́n fi ń ra Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1859. Lórí ayélujára, ó ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ. App.net, ojú òpó ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ kan, gbìyànjú rẹ̀ lọ́dún 2012 pẹ̀lú 50 dọ́là lọ́dún, kò sì sí ìpolówó kankan níbẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2017, ó ti kógbá sílé. Àwọn ènìyàn wa ni à ń bá lọ sórí ojú òpó, bí owó bá sì dí wọn lọ́nà, kí la fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? WhatsApp náà gba dọ́là kan lọ́dún rí, ó sì fi í sílẹ̀ lọ́dún 2016.

Èyí tó ń kọ mí lóminú jù ni kí wọ́n sọ àṣírí ara ẹni di ohun tí olówó nìkan lè rà. Lọ́dún 2023, Meta ní kí àwọn ará Yúróòpù yan ọ̀kan: kí wọ́n san yúrò 9.99 lóṣù, tàbí kí wọ́n gbà kí ilé-iṣẹ́ náà máa ṣọ́ wọn nítorí ìpolówó. Lọ́dún 2025, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 200 yúrò lé e nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ìpolówó tún lè wá láìṣọ́ ẹnikẹ́ni, tí ẹ̀rọ bá ń wo ọ̀rọ̀ tí à ń kà lọ́wọ́ dípò àwa fúnra wa: kí àdìrẹ Ìtòkú yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ nípa aṣọ ẹbí, ẹni yòówù tí ìbáà máa kà á.