Ọyẹ́ tútù, àmọ́ òun ló ń jógbó

Tí iná bá ti sọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ooru làwọn èèyàn máa ń dá lẹ́bi, àmọ́ tó bá jẹ́ ooru nìkan ni, kí ló dé tó jẹ́ ìgbà ọyẹ́, tí gbogbo Ìbàdàn ń wá súwẹ́tà láàárọ̀, ni pápá ẹ̀bá ọ̀nà Mọ́níyà ń jó?

Ọ̀rọ̀ omi ni. Ẹni tó bá ti fi igi tútù dáná rí mọ̀ ọ́n, èèfín á bojú, igi á máa hó ṣìì létí, ẹ ó fẹ́ ẹ títí kò ní gbiná, torí iná ṣì ń lé omi inú ẹ̀ jáde ni, kò tíì kan igi gan-an. Ọyẹ́ ti bá iná ṣe iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Atẹ́gùn tó ń ti Sàhárà bọ̀ ò lómi lára, ohun tó bá bá pàdé ló ń fa omi ẹ̀ mu, àtètè wa, àtaṣọ tá a sá, àtewé tó re sílẹ̀. Ìtì igi ńlá lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó gbẹ, àmọ́ koríko tó ti kú, wákàtí kan sí méjì ti tó o, ìyẹn ló fi jẹ́ pé pápá tí ìrì ṣì wà lára ẹ̀ laago méje àárọ̀, tó bá fi máa di aago méjì ọ̀sán, ìṣáná kan péré.

Òjò náà lọ́wọ́ ńbẹ̀ o, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọdún tójò bá rọ̀ dáadáa, eèsún á ga ju èèyàn lọ, gbogbo ẹ̀ ló ń padà di ohun ìdáná ní January.

Atẹ́gùn wá ni baba wọn. Ó ń tẹ ọwọ́ iná síwájú, kó máa yan koríko tó kàn kó tó débẹ̀, ó tún ń gbé ẹ̀tapàrà fò kọjá títì. Màjàlà dúdú tó ń já sórí aṣọ tá a sá, ìyẹn ti kú, èyí tó ṣì pọ́n tó já sórí páálí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni wàhálà. Iná tó bá sì ń gun òkè máa ń yá ju èyí tó ń sọ̀ lọ, torí koríko ọ̀kánkán ti sún mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ sì mọ iye òkè tó wà n'Ìbàdàn.

March ló máa ń tan àwọn àgbẹ̀ jẹ jù. Ojú ọ̀run ṣú, wọ́n á tiná bọ oko pé òjò á bá wọn pa á, ṣùgbọ́n ìjì ló ń ṣáájú òjò dé, nígbà míì òjò ọ̀hún a sì yà sápá ibòmíì, iná nìkan ló máa kù.