Báàgì omi kan, ọ̀rá omi kan: èwo ló ń kọ́kọ́ balẹ̀?

Báàgì píọ̀ wọ́tà kan wà lórí bákóńì pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ogún ọ̀rá ló pé sínú rẹ̀. Ọ̀rá kan ṣoṣo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti àwọn méjèèjì bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èwo ló máa kọ́kọ́ balẹ̀? Ẹ bi kíláàsì èyíkéyìí ní ìbéèrè yìí, ariwo tí ẹ máa gbọ́ ni "Báàgì!" Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bá àwọn ọmọ náà wí, torí pé ọrùn wọn ló ń dáhùn. Ẹni tó bá ti ru báàgì omi láti ẹnu ọ̀nà dé ilé ìdáná rí mọ bó ṣe ń tẹ orí mọ́lẹ̀. Ẹni tó mú ọ̀rá kan dání lè gbàgbé pé òun mú nǹkan dání. Èyí tó ń tẹ orí mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣé òun kọ́ ló yẹ kó sáré jù ni?

Wọ́n jọ ń balẹ̀ ni. Ìró báàgì á jù ti ọ̀rá lọ lóòótọ́, àmọ́ àsìkò kan náà ni ìró méjèèjì máa dún.

Bí tíṣà bá sọ èyí tán, ọmọ kan á béèrè ìdí rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ sì ti ń bàjẹ́. Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ jù, tó wà nínú nóòtì àìmọye ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, ni pé òòfà ilẹ̀ ń fa gbogbo nǹkan bákan náà. Irọ́ ni. Bí ilẹ̀ bá ń fa báàgì àti ọ̀rá bákan náà, báàgì ò ní wúwo ju ọ̀rá lọ, torí pé bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan tó ni à ń pè ní ìwúwo rẹ̀. Kò sí alábàárù kan ní ọjà Bódìjà tàbí Mile 12 tó máa gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu tíṣà. Ìdajì lítà omi ló wà nínú ọ̀rá kan, ìyẹn ìdajì kílò, agbára tí ilẹ̀ sì fi ń fà á jẹ́ nǹkan bíi Newton 4.9 (Newton ni wọ́n fi ń wọn agbára). Báàgì tó jẹ́ kílò 10, Newton 98 ni tirẹ̀. Ìlọ́po ogún gbáko ni. Lójú pátákó kan náà tí wọ́n kọ "bákan náà" sí ni wọ́n tún ń kọ ọ́ sí pé ìwúwo jẹ́ máàsì lọ́nà g (g ni bí òòfà ilẹ̀ ṣe ń mú eré ohun tó ń já bọ́ pọ̀ sí i), àwọn ọmọ á da méjèèjì kọ, wọ́n á há wọn sórí, wọ́n á sì yege nínú ìdánwò láì fura pé ọ̀kan ń pa èkejì nírọ́.

Ìbéèrè gidi ló wá kù yìí: bí ilẹ̀ bá ń fa báàgì ní ìlọ́po ogún, kí ló dé tí kò fi balẹ̀ ṣáájú?

Ara ọmọlanke ni ìdáhùn wà. Ẹ wo ọkùnrin tó to kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́wàá sórí ọmọlanke, lójú títì tó tẹ́jú. Kò gbé ẹrù kankan sókè. Táyà ló ń gbé e, títì ló ń gbé táyà. Síbẹ̀, nígbà tó bá fẹ́ kí ọmọlanke náà gbéra, ẹ ó rí i tó máa fi àyà lé irin rẹ̀, tó máa tẹ̀ síwájú títí ara rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀, tí iṣan ọrùn rẹ̀ á le gan. Tó bá ti ń yí tán, ara á tù ú díẹ̀. Kó tó dé kọ́nà, wàhálà míì dé: ọmọlanke ò fẹ́ dúró. Á máa fi gìgísẹ̀ tilẹ̀, bàtà sílípáàsì rẹ̀ á máa ha ọ̀dà títì, ẹrù náà á ṣì máa wọ́ ọ lọ. Bí wọ́n bá já gbogbo kẹ́ẹ̀gì kúrò, ọwọ́ kan ló máa fi tì í, ọwọ́ kan náà ló máa fi dá a dúró.

Agídí yẹn ni máàsì. Ohun tó bá dúró ò fẹ́ rìn, ohun tó bá ń rìn ò fẹ́ dúró, bí máàsì rẹ̀ bá sì ṣe pọ̀ tó ni agídí rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. "Iye nǹkan tó wà nínú ohun kan" tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ láti há sórí kì í ṣe irọ́, àmọ́ kò fi nǹkan kan hàn wọ́n. Bí wọ́n bá gbé ọmọlanke yẹn lọ sórí òṣùpá, tí òòfà rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́fà ti ilẹ̀ ayé, ìwúwo rẹ̀ á já wálẹ̀, ẹni tí ò lè gbé e tẹ́lẹ̀ lè wá gbé e. Agídí rẹ̀ ò ní dín rárá. Kó tó gbéra, kó tó dúró, ìjàkadì kan náà ni.

Ẹ wá so méjèèjì pọ̀. Ilẹ̀ ń fa báàgì ní ìlọ́po ogún, báàgì ń ṣagídí ní ìlọ́po ogún. Ogún jẹ ogún. Ohun tó kù fún báàgì náà ló kù fún ọ̀rá: láàárín ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, mítà 9.8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń kún eré wọn, èyí tí ìdánwò WAEC sábà máa ń sọ di 10 kí ìṣirò lè yá. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò ọ̀nà àti àkókò láti ibẹ̀ wà nínú gbogbo ìwé físíìsì, kò tó ohun tí à ń dúró lé lórí.

Ọ̀nà míì wà tí ọ̀rọ̀ yìí fi lè yé ọmọ kékeré, Galileo ará Ítálì ló sì la ọ̀nà náà nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1638. Ó fi ìrònú lásán hàn pé ẹ̀kọ́ Aristotle, ọ̀mọ̀ràn ará Gíríìsì, pé ohun tó bá wúwo jù ló ń yára balẹ̀ jù, tí ayé ti gbà fún bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì, ń bá ara rẹ̀ jà. Òkúta méjì tí wọ́n so pọ̀ ló fi ṣe é, àmọ́ píọ̀ wọ́tà ṣe é dáadáa. Ogún ọ̀rá ló wà nínú báàgì. Bí wọ́n bá já ọ̀rá bìbà tó dì wọ́n pọ̀, tí wọ́n sì da gbogbo wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, olúkúlùkù á máa bọ̀ ní eré tirẹ̀, eré kan náà sì ni. Kí wá ni ọ̀rá bìbà yẹn fẹ́ ṣe? Ṣé òun ló máa sọ fún wọn pé kí wọ́n yára sí i? Bí ogún ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn yá bákan náà bá di ara wọn lọ́wọ́ mú lórí pápá, wọn ò ní torí ẹ̀ sáré ní ìlọ́po ogún. Báàgì kan kì í ṣe nǹkan míì ju ogún ọ̀rá tó ń jọ já bọ́.

Ìtàn pé Galileo gun ilé ìṣọ́ Pisa lọ ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ló gbajúmọ̀ jù. Viviani tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ òpìtàn ò sì gbà pé ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìtàn Delft, ìlú kan ní Netherlands, ló dára jù láti máa sọ fún àwọn ọmọ, torí ẹni tó ṣe é ló kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ní 1586, Simon Stevin tẹ ìwé kan jáde, ó ní òun àti Jan Cornets de Groot mú bọ́ọ̀lù òjé méjì, ọ̀kan wúwo ju èkejì lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, àwọn jù wọ́n sílẹ̀ láti bí ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà. Pákó ni wọ́n tẹ́ sísàlẹ̀ kí ìró lè dún ketekete. Bí ìró kan ṣoṣo ló ṣe dún létí wọn.

Ẹnì kan á ní, ìyẹ́ adìyẹ wá ńkọ́? Ìyẹ́ ò bá òkúta balẹ̀ rí. Òótọ́ ni, ẹ jẹ́ ká fi ọkọ̀ ṣe àpèjúwe rẹ̀. Ilẹ̀ dà bíi mẹkáníìkì kan tó ń fi ẹ́ńjìnnì sí gbogbo ohun tó bá fẹ́ já bọ́. Kì í fi ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà sí tírélà, kì í fi ti tírélà sí ọ̀kadà. Á wo ẹrù, á gbé ẹ́ńjìnnì tó bá ẹrù náà mu gẹ́lẹ́ sí i. Bí ẹ bá já ìdajì ẹrù sílẹ̀, lójú ẹsẹ̀ ló máa yọ ìdajì ẹ́ńjìnnì. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ọkọ̀ tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde fi ń sá eré kan náà, látorí ọ̀kadà títí dórí tírélà tó kó sìmẹ́ńtì. Àmọ́ agbowó wà lójú ọ̀nà, afẹ́fẹ́ lorúkọ rẹ̀. Kò mọ ẹrù, kò wo ẹ́ńjìnnì. Iwájú ọkọ̀ ló ń wọ̀n. Bí iwájú ọkọ̀ bá ṣe fẹ̀ tó ni owó rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, bí eré bá sì ṣe ń le sí i ni owó náà ń gun òkè. Tírélà sìmẹ́ńtì á san án, kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ìyẹ́ adìyẹ ló kàgbákò: ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò tó ti kẹ̀kẹ́ ọmọdé, iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ bíi ti bọ́ọ̀sì. Kò tíì rìn jìnnà tí agbowó fi gba gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, látìgbà náà ló ti ń rọra fì wálẹ̀ láì rí eré kankan fi kún un mọ́.

Agbowó yìí kan náà ni orílé wa gbọ́dọ̀ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kán òjò tó tóbi kì í yára ju nǹkan bíi mítà 9 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kò bá sí afẹ́fẹ́ lójú ọ̀nà, ẹ̀kán tó ti òkè kìlómítà méjì bọ̀ ì bá máa sá mítà bíi 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tó bá fi máa dé orí páànù. Ẹni tí òjò bá ká mọ́ta ò ní sọ̀rọ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ ọdún 1971, David Scott tó bá ọkọ̀ Apollo 15 lọ dúró lórí òṣùpá, níbi tí kò sí agbowó kankan. Ó mú òòlù tó lé ní kílò kan lọ́wọ́ kan, ó mú ìyẹ́ àṣá lọ́wọ́ kejì, ó fi méjèèjì sílẹ̀ níwájú kámẹ́rà. Wọ́n rọra bọ̀, torí òòfà òṣùpá ò le, àmọ́ wọ́n jọ bọ̀ ni, wọ́n sì jọ balẹ̀. Fídíò náà wà káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì, kò gba ìṣẹ́jú kan láti wò.

Ohun kan wà nínú gbogbo èyí tó yẹ kó ya èèyàn lẹ́nu, òun sì ni "bákan náà" èké yẹn ń bò mọ́lẹ̀. Kí ló kan agídí nǹkan nínú bí ilẹ̀ ṣe ń fà á tó? Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Mágínẹ́ẹ̀tì kì í bá nǹkan lò báyìí: ó ń fa irin, kò mọ̀ pé bàbà wà láyé. Ilẹ̀ nìkan ló ń ka gbogbo ẹrù láì ṣe ojúsàájú, tó ń fa wúrà gẹ́gẹ́ bí agídí wúrà, tó ń fa igi gẹ́gẹ́ bí agídí igi. Isaac Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òṣùwọ̀n agbára, ò gbà á bẹ́ẹ̀ láì dán an wò. Ó sọ nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1687 pé òun fi okùn gígùn so àpótí igi méjì tó dọ́gba rọ̀, òun sì ń pààrọ̀ ohun tó wà nínú wọn: wúrà, fàdákà, òjé, díńgí, iyanrìn, iyọ̀, igi, omi, àlìkámà. Gbogbo wọn jọ ń mì lọ mì bọ̀ ni, ọ̀kan ò ṣáájú èkejì. Ní 2016 wọ́n gbé sátẹ́láìtì kan tí wọ́n ń pè ní MICROSCOPE lọ sójú ọ̀run láti wo irin méjì, títáníọ̀mù àti pílátínọ̀mù, bóyá ọ̀kan á fi díẹ̀ ṣáájú èkejì. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ pé ní 2022, bí ìyàtọ̀ kankan bá tiẹ̀ wà, kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Orí èyí ni Einstein dúró lé nígbà tó rò ó ní 1907 pé ẹni tó bá ń já bọ́ láti orí òrùlé ò ní mọ ìwúwo ara rẹ̀ lára, ibẹ̀ ló sì gbà dé àlàyé tuntun nípa òòfà tó gbé jáde ní 1915.

Ọ̀rọ̀ kílò, ráńpẹ́ ni. Òṣùwọ̀n aláwo méjì ń fi máàsì wé máàsì, ibi gbogbo láyé ló ti máa sọ ohun kan náà. Òṣùwọ̀n onísípíríǹgì ń wọn bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan, ilẹ̀ ò sì fà bákan náà níbi gbogbo: 9.81 ni ní Lọ́ńdọ̀nù, 9.78 ni l'Ékòó. Bí wọ́n bá ṣètò òṣùwọ̀n onísípíríǹgì ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n sì gbé e wá sí Èkó, àpò ìrẹsì kílò 50 á dín ní gíráàmù bíi 150 lórí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò bu nínú ìrẹsì náà.

Àwọn tó ń gbé inú ISS, ọkọ̀ ńlá tó ń yí ayé po lójú ọ̀run, ń léfòó káàkiri inú ọkọ̀ wọn, àwọn ọmọ sì ń gbà á pé òòfà ilẹ̀ ò dé ọ̀hún. Kìlómítà bíi 400 péré ni ọ̀hún sí ilẹ̀, òòfà tó wà níbẹ̀ ṣì tó ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ti ìsàlẹ̀ níbí. Àwọn, ọkọ̀ wọn, bírò wọn àti oúnjẹ wọn ló ń jọ já bọ́, eré tí wọ́n ń sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n kan ilẹ̀. Nígbà tí gbogbo nǹkan bá sì ń já bọ́ ní eré kan náà, ọ̀kan ò lè tẹ èkejì mọ́lẹ̀.

Kò dìgbà tí ọmọ bá wọ rọ́kẹ́ẹ̀tì kó tó rí èyí lójú. Ẹ mú ike omi tó ti tán, ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ fi ìka dí i, ẹ rọ omi kún un, ẹ má dé e. Ẹ dúró sórí àga ní ìta gbangba, ẹ yọ ìka. Omi á máa tú jáde fììì, torí pé omi òkè ń tẹ ti ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ wá fi ike náà sílẹ̀, kí gbogbo kíláàsì tẹjú mọ́ ihò yẹn. Bó ṣe kúrò lọ́wọ́ báyìí ni omi tó ń tú á dá, ihò á ṣí sílẹ̀, omi á wà nínú ike, kò sì ní sí ẹ̀kán kan tó máa gba ibẹ̀ jáde títí ike á fi kanlẹ̀.