Ta ló ń jẹ owó ẹni tí kò ṣàìsàn?

Bí àwọn aláte ọjà ní Ògbómọ̀ṣọ́ bá gbọ́ nípa adójútòfò ìlera, ohun tí wọ́n sábà máa ń béèrè ni pé: bí mo bá sanwó, tí n kò sì ṣàìsàn títí ọdún fi yí, ta ló jẹ owó mi? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Èésú tí a mọ̀, owó ẹni ń padà wá bá ẹni lọ́jọ́ tó bá kàn án. Adójútòfò kò rí bẹ́ẹ̀. Owó ẹni tí ara rẹ̀ le ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹni tí àìsàn dá gúnlẹ̀.

Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ yóò yan ilé ìwòsàn kan tí yóò máa kọ́kọ́ lọ. Oṣooṣù ni ilé ìwòsàn náà ń gba iye kan pàtó lórí orúkọ rẹ̀, ì báà wá, ì báà má wá. Kapitéṣọ̀n ni wọ́n ń pe owó yìí. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú ibà àti ikọ́, tí wọ́n sì ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti iṣẹ́ abẹ, wọ́n á kọ̀wé lé e lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá (Ògbómọ̀ṣọ́ kò sì ṣàìní irú rẹ̀: àwọn Onítẹ̀bọmi ti dá èyí tó di Bowen lónìí sílẹ̀ láti 1907). Ibẹ̀ yóò gba kóòdù àṣẹ, ìyẹn nọ́ńbà ìyọ̀ǹda, lọ́wọ́ àjọ tó ń bójú tó adójútòfò náà, wọn á sì san owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fún un lọ́tọ̀.

Ilé ìwòsàn tó ń gba kapitéṣọ̀n báyìí, èrè rẹ̀ ni kí àwọn èèyàn rẹ̀ má ṣàìsàn. Ó lè torí ìyẹn máa pe ìyá arúgbó wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kó tó di rọpárọsẹ̀. Ó sì lè torí ìyẹn kan náà máa sọ pé oògùn ti tán, ẹ lọ rà á níta. Àjọ adójútòfò tí kì í yọ sí wọn lójijì kò lè mọ èyí tí wọ́n ń ṣe.

Àwọn olùṣèwádìí ti wo bóyá ó ń wúlò fún ara. Ní ìgbèríko Kwara, tó múlé gbe Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní 2009, wọ́n tún wọ̀n ọ́n ní 2011. Níbi tí adójútòfò dé, nọ́ńbà òkè, èyí tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè nínú méjèèjì, wálẹ̀ ní nǹkan bíi 10. Níbi tí kò dé, nǹkan bíi 5. Ṣùgbọ́n wọ́n tún àwọn ilé ìwòsàn ibẹ̀ ṣe pẹ̀lú, nítorí náà káàdì nìkan kọ́ ló ṣe é. Ìwádìí tí RAND, ilé iṣẹ́ olùṣèwádìí kan, ṣe ní Amẹ́ríkà, tó parí ní 1982, fara jọ ọ́: ìtọ́jú ọ̀fẹ́ mú kí èèyàn máa lọ sọ́dọ̀ dókítà sí i, kò sì yí ìlera ọ̀pọ̀ wọn padà, ṣùgbọ́n ó ṣe àwọn kan láǹfààní, pàápàá àwọn tálákà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn rọlẹ̀.

Ewu tó kù ni kí ó jẹ́ aláìsàn nìkan ni yóò máa forúkọ sílẹ̀. Àpò náà yóò gbẹ. Ìdí nìyẹn tí òfin adójútòfò ìlera ti 2022 fi sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Òṣìṣẹ́ ìjọba rọrùn, wọ́n á yọ ọ́ lára owó oṣù rẹ̀. Aláte kò ní ọ̀gá tó ń sanwó oṣù fún un; bí ẹgbẹ́ ọjà kò bá máa gbà á díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò ṣòro kí owó ọdún kan tó jọ lẹ́ẹ̀kan náà.