Owó gbà-máà-bínú lẹ́yìn jàǹbá rélùwéè

Ojú irin kò dé Àkúrẹ́. Èrò tó bá fẹ́ fi rélùwéè lọ sí Èkó á kọ́kọ́ wọ mọ́tò dé Ìbàdàn, kó tó lọ wọkọ̀ ní Mọ́níyà. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, Àkúrẹ́ ló máa padà sí láti gbàtọ́jú, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rí tí kóòtù máa béèrè ti sábà ń sọnù.

Ọgbẹ́ tó hàn síta kọ́ ló burú jù. Kò sí bẹ́líìtì lára ìjókòó rélùwéè. Bí ọkọ̀ bá dúró lójijì, ara èrò kò ní dúró, á lọ fi àyà tàbí ikùn gbá ohun tó wà níwájú. Ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú fún wákàtí mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ẹni tí irin tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ́ lè máa sọ̀rọ̀ geerege, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fà á yọ, oró inú iṣan tó fọ́ á ṣàn lọ bá kíndìnrín àti ọkàn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fa omi sí i lára kí wọ́n tó yọ ọ́. Òfin ìlera ọdún 2014 kò gbà kí ilé ìwòsàn kankan lé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ torí pé kò tíì sanwó. Àkọsílẹ̀ tí ilé ìwòsàn bá ṣe lọ́jọ́ kìíní yẹn ló so ìpalára mọ́ jàǹbá.

Lẹ́yìn náà, ẹbí lè gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun. Iṣẹ́ ọwọ́ onítọ̀hún lè dára, àmọ́ kì í já rìsíìtì. Bẹ́ẹ̀, owó tó ti jáde lápò, ti oògùn, ti ọkọ̀, àti owó iṣẹ́ tí kò wọlé mọ́, gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ẹbí ní kí ẹni tó to eegun náà kọ iye tó gbà sílẹ̀, kó buwọ́ lù ú. Ti ìrora àti àpá, adájọ́ ló máa fojú wo iye tó tọ́.

Òfin iléeṣẹ́ rélùwéè Nàìjíríà ní kí ẹni tó fẹ́ pè é lẹ́jọ́ kọ̀wé sí i ṣáájú, kí ẹjọ́ sì wọ kóòtù láàárín oṣù 12. Àjọ NSIB, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń wádìí ohun tó fa jàǹbá ọkọ̀, kì í pín owó. Ẹni tó ń dúró de àbájáde wọn, ọjọ́ ń lọ.

Owó tí àwọn òṣèlú ń pín lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, owó àánú ni, kò dí ẹjọ́ lọ́wọ́. Ìwé tó ní kí èèyàn buwọ́ lù ú pé òun kò ní béèrè nǹkan kan mọ́ ló yẹ kí lọ́yà kọ́kọ́ kà.